Ṣé Ọdún 2020 Ló Burú Jù Lọ Nínú Ìtàn Amẹ́ríkà?

Kókó tí ẹgbẹ́ wa máa fi ṣe àríyànjiyàn ní tẹ́ẹ̀mù yìí ti wà lára pátákó: "Ọdún 2020 ni ọdún tó burú jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà." Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni ariwo rẹ̀ ò ti dákẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan ní rárá, àbí ẹ ò tíì gbọ́ nípa ogun ni? Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pariwo láì tíì sọ ohun tí a fẹ́ fi wọn ọdún. Ẹni tó fẹ́ ta gàrì, á kọ́kọ́ gbé kóńgò jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní mudu ní ọjà ìlú tí ilé-ìwé wa wà yìí. Bí oníbàárà ò bá rí kóńgò, ìjà dé nìyẹn. Nítorí náà, mo fẹ́ gbé kóńgò mẹ́rin kalẹ̀, kí n fi wọn ọdún 2020 àti àwọn ọdún mìíràn, kí n sì sọ ọdún tí èmi fẹnu kò lé lórí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan 2020

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ní 2020 ló burú jù, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà kọ 2020 gàdàgbà sí iwájú ìwé wọn, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá pa iṣẹ́ tí kò dáa rẹ́. Irú ìlà pupa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fà sí ojú Hitler ní 1945, òun náà ni wọ́n fà sí ojú Osama bin Laden ní 2011. Wọ́n ka odidi ọdún kan mọ́ àwọn ọ̀tá.

Kí ló fà á? Àrùn Kòrónà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti pa èèyàn tó lé ní 350,000 ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní oṣù kejì, nínú èèyàn 100 tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó ń ṣe é, àwọn tí kò ríṣẹ́ ò tó 4. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. Ilé-ìwé tì, ilé ìjọsìn tì. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ọlọ́pàá kan ní ìlú Minneapolis fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú, àwọn èèyàn sì tú jáde sí títì káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Iná jó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 4 éékà ní California. Oṣù kọkànlá dé, wọ́n dìbò yan ààrẹ, Donald Trump tó fìdí rẹmi sì kọ̀, kò gbà pé òun fìdí rẹmi.

Àbúrò màmá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lórí fóònù nígbà ìsinmi tó kọjá, wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá arúgbó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ ẹ̀ ò lè wọlé. Èmi ni mo di fóònù mú sí i létí kí wọ́n fi lè dágbére. Má bi mí bóyá ọdún míì burú jùyẹn lọ." Mi ò lè bá wọn jiyàn, n ò tiẹ̀ ní gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára pátákó wa ni "nínú ìtàn Amẹ́ríkà", ìtàn náà sì gùn ju ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ó yẹ ká tú àkísà Amẹ́ríkà wò kí a tó dájọ́.

Kóńgò kìíní: iye ẹni tó kú

Iye òkú nìkan kò tó láti fi dájọ́. A gbọ́dọ̀ bèèrè pé: nínú èèyàn mélòó? Bí ẹni mẹ́wàá bá kú ní abúlé tí èèyàn 100 ń gbé, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú kí ẹni mẹ́wàá kú ní Ìbàdàn.

Ní 2020, èèyàn bíi mílíọ̀nù 331 ló wà ní Amẹ́ríkà. Bí a bá pín 350,000 sí i, ó jẹ́ bí ẹnì kan nínú 1,000. Ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo 1918. Nígbà yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ò ju bíi mílíọ̀nù 103 lọ. Àrùn flu ńlá tó jà kárí ayé pa bíi 675,000 nínú wọn, oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn ọdún 1918 sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Ìyẹn jẹ́ ẹni 6 sí 7 nínú 1,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà nìkan, nǹkan bí 195,000 ló bá àrùn yìí lọ. Àwọn géńdé, láti ẹni 20 ọdún sí ẹni 40, ni àrùn náà sì mú jù, àwọn tó yẹ kó máa tọ́ ọmọ, kó sì máa bójú tó òbí. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń lọ lọ́wọ́ lákòókò yẹn. Àrùn kan náà ló bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ó sì gba ilẹ̀ wa kọjá.

Àwọn oníṣirò ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ikú. Wọ́n máa ń wo iye ọdún tí ọmọ tí a bí lónìí lè retí láti lò láyé bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe rí lọ́dún náà. Ní 2020, iye yìí já wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 79 sí 77. Ní 1918, ó já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 12. Méjì àti méjìlá kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà náà wà ńbẹ̀, láti 1861 sí 1865. Àwọn ọmọ ogun tó kú nínú rẹ̀ kò dín ní 620,000, nígbà tí gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè náà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 31. Ẹni méjì nínú 100 nìyẹn. Bí irú ogun bẹ́ẹ̀ bá wáyé lóde òní, òkú á lé ní mílíọ̀nù 6. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, nǹkan bí 23,000 ọmọ ogun ló kú, tàbí tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí wọn ò rí mọ́, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Antietam. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, Kòrónà pa èèyàn ní 2021 ju 2020 lọ. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fa ìlà pupa sórí 2021. Ní 2021, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé, ilé-ìwé ti ń ṣí, ojú sì ti mọ́ àwọn èèyàn lára ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ní ọdún kan burú, ìpayà wa là ń wọ̀n, a ó wá rò pé ikú là ń wọ̀n.

Kóńgò kejì: iṣẹ́ àti owó

Lórí èyí, 1933 ló yẹ ká fi wé e. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti ń wó bọ̀ láti 1929. Nígbà tó di 1933, bí ẹni 25 nínú 100 ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nǹkan bí 4,000 báńkì ló kógbá sílé lọ́dún yẹn nìkan. Ẹ fojú inú wò ó pé alájọ kó owó àjọ gbogbo ọjà, ó sì fẹ́sẹ̀ fẹ́ ẹ. Báyẹn ló rí fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ètò ìjọba àpapọ̀ tó máa dá owó wọn padà, kò sì tíì sí ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ẹni tó pàdánù iṣẹ́ lówó oúnjẹ. Nígbà tí Franklin Roosevelt di ààrẹ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ọ̀kan nínú ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ti gbogbo báńkì orílẹ̀-èdè náà pa fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní 2020, ìyà jẹ àwọn èèyàn, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n ìjọba fi owó tó tó 1,200 dọ́là ránṣẹ́ sí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìdílé, wọ́n tún bu owó lé owó àwọn tí kò níṣẹ́. Kí oṣù kejìlá tó parí, àwọn tí kò ríṣẹ́ ti wálẹ̀, wọn ò tó 7 nínú 100. Àwọn òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyà 1933 wà lára ohun tó gba àwọn ará 2020 sílẹ̀. Ọdún burúkú máa ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ.

Kóńgò kẹta: ṣé orílẹ̀-èdè náà fẹ́ tú ká?

Àwọn tó ń gbèjà 2020 ní ojú kò tíì ya ara wọn ní Amẹ́ríkà tó báyẹn rí. Wọ́n gbàgbé 1968. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tó lé ní 100. Ní oṣù kẹfà, wọ́n yìnbọn pa Robert Kennedy tó ń du ipò ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú ní Vietnam lọ́dún náà lé ní 16,000.

Wọ́n sì gbàgbé 1861 tó ju 1968 lọ, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà kúkú di 11, tí wọ́n yan ààrẹ tiwọn, tí wọ́n sì gbé ìbọn. Ní 2020, ìbínú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 155 ló tò láti dìbò tàbí tó fi ìbò ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa dìde sọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Ìkọlù sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Washington wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2021. Ẹni tó bá kà á mọ́ 2020, àwọn tó wà ní òdìkejì á gbá a mú níbẹ̀.

Kóńgò kẹrin: ta ló ń kà á?

Àwọn kóńgò mẹ́ta tí mo ti gbé kalẹ̀ yìí ní àbùkù kan náà. Ohun tí ìjọba àti ìwé ìròyìn kà sí ìṣòro ni wọ́n ń wọ̀n. Bí wọn ò bá ka ìyà rẹ sí ìyà ńkọ́?

Ẹ mú 1838. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó àwọn ẹ̀yà Cherokee, tó jẹ́ onílẹ̀, kúrò ní Georgia àti àyíká rẹ̀, wọ́n sì lé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní òdìkejì odò Mississippi. Nínú bíi 16,000 tí wọ́n lé, nǹkan bí 4,000 ni wọ́n ṣírò pé ó kú nínú àgọ́ àti lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n fún àwọn aláwọ̀ funfun tó pín ilẹ̀ wọn, ọdún oríire ni. Ọdún kan náà ni o.

Ẹ wá wo 1860. Kò sí ogun ńlá ní Amẹ́ríkà, ìbọn ogun abẹ́lé kò tíì dún. Kò sí àjàkálẹ̀ àrùn tó gba ìlú kan. Òwú ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó tiẹ̀ lé ní ìdajì owó gbogbo ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sí òkè òkun. Bí a bá fi kóńgò owó wọn ọdún náà, ọdún tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọdún náà ni wọ́n ṣe ìkànìyàn, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹrú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4. Nínú èèyàn mẹ́jọ tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan jẹ́ ẹrú. Iye ẹrú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn kankan rí. Ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ti olówó rẹ̀ ni, ó lè tà á nígbà tó bá wù ú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti dájọ́ ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ì báà jẹ́ òmìnira.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1860 yẹn gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola bọ́ sí oko ẹrú. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ọmọ Yorùbá ni, láti apá ibi tó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó ìlú wọn, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wọ́n dé èbúté Ouidah. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, William Foster, ti rà á pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n tó bíi 110 nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ ní Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama, ní oṣù keje. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, nítorí náà òru ni wọ́n fi kó wọn wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ní 2019 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti dá àwókù ọkọ̀ náà mọ̀ nínú ẹrẹ̀ odò.

Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, pẹ́ láyé. Zora Neale Hurston lọ bá a ní 1927, ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Wọn ò tẹ ìwé náà jáde títí di 2018. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá ti fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ni wọn ò rí, ni wọ́n bá ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó, Africatown. Ó kú ní 1935 láìfojú kan ilé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bi Kossola léèrè ọdún tó burú jù. Ṣé 1865 ló máa mú ni? Ní oṣù kẹrin 1865, wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Abraham Lincoln, àwọn ìlú gúúsù ti jóná, òkú ogun sì kún ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, kò sí oṣù tó burú tó o. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà ni àwọn ọmọ ogun ìjọba dé ọ̀dọ̀ Kossola, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti dòmìnira.

Ìdájọ́ tèmi

Èmi gbà pé 2020 burú, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ èyí tó burú jù. Bí ẹ bá ní kí n fi ikú nìkan wọ̀n ọ́n, 1918 tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọdún ogun abẹ́lé ni màá mú. Bí ẹ bá ní owó, 1933 ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, 1860 ni mo mú.

Àwọn kan nínú yín á ní, "Kí ló dé tó jẹ́ 1860? Kò kúkú sóhun tó ṣẹlẹ̀." Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Ní 1918 àti ní 2020, nígbà tí èèyàn ń kú, dókítà àti nọ́ọ̀sì ń sáré, ìwé ìròyìn ń ké, gbogbo ayé mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní 1860, mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn wà nínú ìyà, òfin sì ní kò sóhun tó bàjẹ́, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọdún tí àìsàn bá dé tí a sì mọ̀ pé àìsàn ni, ó ṣeé ṣe ká wá oògùn. Ọdún tí wọ́n bá pe àìsàn ní àlàáfíà, ta ni yóò wá oògùn?

Ẹlòmíràn á ní 1850 náà rí bẹ́ẹ̀, 1840 náà rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ ò sì jẹ̀bi bí ẹ bá mú èyíkéyìí nínú wọn. Mo mú 1860 torí pé ọdún náà ni iye wọn pọ̀ jù nínú ìkànìyàn, wọ́n sì ṣì ń jí àwọn tuntun kó wọlé lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àríyànjiyàn, yálà ẹ gbà pẹ̀lú mi tàbí ẹ ò gbà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ sọ kóńgò yín kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Bí ẹ bá dárúkọ iye òkú, ẹ dárúkọ iye alààyè mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì ti rí ọdún tí gbogbo èèyàn ní ó dáa, ẹ bèèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún bèèrè ẹni tí wọn ò bi. Ìbéèrè yẹn wúlò ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ẹ lè gbé e lọ sí kíláàsì ìtàn, ẹ sì lè fi bi ìlú tiwa náà wò.